Ta Ní Ń Pe Gbádégẹṣin Láago Méjìlá?

Ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun balau, láìwọ bàtà, ló ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ nínú kùrukùru láago mẹ́jọ àárọ̀. Bí ẹ̀yin náà bá rí i, ẹ ó pariwo. Moṣọpẹ́ pariwo. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ló kọ́kọ́ wí, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni, lójú ọ̀nà tóóró kan lókè Havering-atte-Bower létí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ti tán tó ku pápá àti màlúù. Ewé igi ti ń pọ́n, àwọn kan sì ti ń já bọ́ sílẹ̀. Dókítà ló sọ fún Moṣọpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀, òun náà bá ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan. Ó gùn ún láti Alibon, àdúgbò tó ń gbé ní Dagenham, dé ibẹ̀ kí ṣéènì tó yọ. Ó ti bá ṣéènì náà jà títí, gíríìsì kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́.

Aláṣọ funfun náà fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, ó dúró. "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kò sí?"

"Èèyàn ni yín àbí kí ni?"

"Èèyàn ni mí o, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa Aládùúrà la ṣe ìṣọ́ òru nínú gbọ̀ngàn kan lọ́hùn-ún, ilé ni mò ń lọ. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, òun lẹ fi rí mi báyìí. Ẹ jẹ́ n bá yín fi ṣéènì yẹn sí i."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Kí lorúkọ yín? Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Káàdì ìdánimọ̀ yín dà?"

Ẹ má rojọ́ rẹ̀ o. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹnubodè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock ló ń ṣọ́, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa wọlé tí kò ní yẹ ìwé rẹ̀ wò, kó fọwọ́ fa èdìdì ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti já a rí. Bó ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò náà ló ń yẹ èèyàn wò.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó wá káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú àpò. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni, ní Creekmouth. Moṣọpẹ́ ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó tún wo fọ́tò, ó wo ojú.

"Gbádégẹṣin," ló kà. "Ẹṣin yín dà?"

"Mo tà á, mo fi ra kẹ̀kẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Moṣọpẹ́ kó tó rántí pé òun kì í bá àjèjì rẹ́rìn-ín. Ó gbà kó fi ṣéènì náà sí i, ṣùgbọ́n ó dúró tì í, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ rẹ̀.

Kí n má fi pa mọ́ fún yín: ọmọbìnrin yìí kò fura báyẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Godswill. Wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbéyàwó. Godswill wà nínú ilé ìwẹ̀, fóònù rẹ̀ dún lórí àga, Moṣọpẹ́ gbé e. Obìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Dádì Àdúrà." Àdúrà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, ìyá rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin bá kí Moṣọpẹ́ pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, á kọ́kọ́ ka ọjọ́ náà wò.

Síbẹ̀, nígbà tó di Sátidé kejì, wọ́n tún pàdé. Gbádégẹṣin wọ bàtà lọ́tẹ̀ yìí, ó sì mú búrẹ́dì tí òun fúnra rẹ̀ yan dání, ó ṣì ń gbóná nínú aṣọ ìnura. Kò pẹ́ tí gbogbo Sátidé fi di tiwọn. Wọn kì í sáré. Wọ́n á gba Romford kọjá, wọ́n á wọ ọ̀nà Navestock, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ títí èémí á fi tán. Wọ́n á já èso dúdú tó hù lára ọgbà jẹ, ètè wọn á dúdú.

"O gun kẹ̀kẹ́ bí ìyá arúgbó tó ń lọ sí ìpàdé," Gbádé á wí.

"Ìwọ náà dà bí ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ń lé. Kí lo jí?"

"Ọkàn ẹnì kan ni. Wọn ò tíì mú mi."

"Wọ́n á mú ọ. Mo ti kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀."

Ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́ o, ẹ má rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní alẹ́ Jímọ̀, oorun kì í kun ojú rẹ̀, torí pé Sátidé ló kàn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé Gbádé. Bí wọ́n bá ti ń darí bọ̀, Moṣọpẹ́ kì í jẹ́ kó kọjá igun ọ̀nà kan ní Alibon. "Ó tó. Padà lọ." Kò mọ ilé rẹ̀, kò mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà rò ó títí. Àbí ọkọ ń bẹ ńbẹ̀ ni? Kò bèèrè, ṣùgbọ́n ó ń wo ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bóyá àpá òrùka wà níbẹ̀.

Ọkọ kọ́ o. Ìyá Moṣọpẹ́ ló wà nílé. Ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni Mọ́mì láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní Peckham, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ aláṣọ funfun sétí. "Àwọn tó ń tan àbẹ́là káàkiri," ni wọ́n máa ń wí. Moṣọpẹ́ kò mọ bí òun ṣe máa mú ọ̀kan lára wọn wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí oṣù kẹwàá fi wọlé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n jókòó sórí kùkùté igi kan, wọ́n ń mu tíì nínú fílásìkì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago méjìlá lù, Gbádé dìde. "Mò ń bọ̀," ló wí. Ó mú fóònù, ó lọ sẹ́yìn ọgbà igi, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Moṣọpẹ́ rò pé ó lọ tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kejì, aago méjìlá géérégé, ó tún lọ. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ náà.

"Ta lò ń pè?"

"Nǹkan kan ni mo lọ ṣe. Màá sọ fún ọ, olólùfẹ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí."

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, kí ẹ má baà bá wọn fura. Ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ fún màmá náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, wọ́n ní, "Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù?" Wọ́n dákẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí wọ́n máa pè padà, wọ́n ní aríran ìjọ àwọn ti ríran sí i: kí ìyá àti ọmọ gbàdúrà pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní Sátidé méje léraléra, láago méjìlá ọ̀sán ti Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ọmọ wà ní ìta gbangba. Kí obìnrin náà má sì gbọ́ rárá títí méje á fi pé. Bó bá gbọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ò sì ní gbà á ní ìyàwó. Ẹni tó bá dàgbà sínú ìjọ Aládùúrà mọ̀ pé a kì í fi iṣẹ́ tí aríran bá jẹ́ ṣeré. Gbádé gbà.

Moṣọpẹ́ kò mọ gbogbo èyí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó sọ ọ́ fún Ṣọlápé tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹnubodè. Ṣọlápé kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Aago méjìlá tiwa, aago méjìlá ti Naijíríà náà ni, ní báyìí. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọjọ́ Sọ́ńdè yìí, wọ́n máa dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí. Naijíríà kì í dá tiwọn padà. Nítorí náà, Sátidé tó ń bọ̀, máa wò ó. Bó bá lọ láago méjìlá, ó lè jẹ́ oògùn ló ń lò. Bó bá lọ láago mọ́kànlá, ẹnì kan wà nílé, ní Naijíríà, tó ń retí ìpè rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sá lọ sẹ́yìn igbó láti bá sọ̀rọ̀? Moṣọpẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Nígbà tí Sátidé dé, Moṣọpẹ́ kò mu tíì tí Gbádé bù fún un. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò lábẹ́ apá aṣọ òtútù. Aago mẹ́wàá àbọ̀. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin yìí jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì, Gbádé dìde. "Mò ń bọ̀."

Moṣọpẹ́ tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn ń fẹ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ohùn obìnrin ló ń jáde láti inú fóònù. Ọkùnrin náà sì tẹ orí ba, ó ń rọra dá a lóhùn bí ẹni tó ń tu èèyàn nínú.

Nígbà tó máa padà, Moṣọpẹ́ ti wọ àṣíborí rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ni?"

"Moṣọpẹ́..."

"Mo bi ọ́! Ìyàwó rẹ ni?"

"Mi ò níyàwó. Mi ò fẹ́yàwó rí láyé mi."

"Ta ni, nígbà náà? Dárúkọ rẹ̀."

Gbádé na ọwọ́ sí i. "Ó ku Sátidé méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí mi ò ní sọ fún ọ. Jọ̀ọ́, gbà mí gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Godswill náà ní kí n ní sùúrù!"

Ìbínú wá gba ọkùnrin náà. "Ìwọ náà ńkọ́? Oṣù kejì rèé, mi ò mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ. Igun ọ̀nà lo ti ń lé mi padà bí ajá. Ta lò ń fi pa mọ́ fún mi?"

"Oò! Èmi lo wá ń bi?" Moṣọpẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omijé kò jẹ́ kó rí ọ̀nà dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú kòtò kó tó dé Romford.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe pé kí ọkùnrin náà jẹ́ èké. Èyí tí kò lè fara dà ni kí òun tún jẹ́ òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí gbogbo ayé tún sọ pé, ṣebí wọ́n sọ fún un. Bó bá gbà á gbọ́ tó sì jẹ́ irọ́, ó mọ̀ pé òun ò ní tún ọkùnrin kankan wò mọ́. Bí kò bá gbà á gbọ́ tó sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ìyẹn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni.

Ó dúró lẹ́nubodè, awakọ̀ kan na ìwé sí i, kò rí i. Ìbéèrè Gbádé ló ń ro. Ta lò ń fi pa mọ́ fún mi? Òun náà ń fi nǹkan pa mọ́ lóòótọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣọ́ òun ní igun ọ̀nà Alibon yẹn, wọ́n á búra pé ọkọ ló wà nílé. Kò sì sí ọkọ. Ìyá ni. Ohun téèyàn fi pa mọ́ lè má jẹ́ nǹkan burúkú.

"Sister, ṣé kò sí?" awakọ̀ náà bi í.

"Ẹ máa wọlé," ni Moṣọpẹ́ wí. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan èdìdì. Ṣọlápé sáré wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń kùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí Gbádé: "Sátidé, aago mẹ́sàn-án."

Òtútù ti mú gan-an nígbà tó di Sátidé kẹfà. Ewé tutù nílẹ̀, táyà ń yọ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi dé Navestock. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mọ́kànlá lù, Gbádé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó yọ fóònù, ó fi í lé Moṣọpẹ́ lọ́wọ́.

"Mú un. Ọjọ́ ìbí rẹ ni mo fi tì í. Bó bá dún, wo ẹni tó ń pè, tàbí kí o gbé e. Nǹkan kan á bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tí mi ò lè sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n kó bàjẹ́ sàn ju kí n pàdánù rẹ lọ."

"Kí ló máa bàjẹ́?"

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

Fóònù dún. Ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ Moṣọpẹ́, ó ń gbọ̀n rìrì níbẹ̀. Ó kù kí ó yí i padà ni. Ìka kan ló fẹ́ gbà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń dúró de ìgbà tí òun á kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Fóònù náà dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí dún.

"Gbà," ló wí, ó na fóònù sí i. "Wọ́n ń pè ọ́. Lọ dá wọn lóhùn."

Gbádé gbà á, ó sáré lọ sẹ́yìn ọgbà. Moṣọpẹ́ jókòó sílẹ̀ lórí ewé tútù, ó sọkún, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n dé igun ọ̀nà Alibon, Gbádé tẹ búrékì bó ti máa ń ṣe. Moṣọpẹ́ kò dúró. "Ṣé o ò wá ni?" ló ké sí i.

Mọ́mì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbá ewé. Gbádé fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá jọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Mọ́mì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Moṣọpẹ́, ta nìyí?"

"Gbádégẹṣin ni, Mọ́mì. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Aládùúrà ni o, kí ẹ tètè mọ̀."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. "Jésù! Dìde, ìwọ ọkùnrin yìí. Ṣé kò ní ìyàwó nílé báyìí?"

Gbádé fẹ́ dáhùn, Moṣọpẹ́ ṣíwájú rẹ̀. "Kò ní, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀? O rí ìwé? O bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà."

"Nígbà náà, báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó sọ fún mi."

Mọ́mì wo ọmọ wọn. Ọmọ tó máa ń bi ẹni tó gbé lẹ́tà wá pé ta ló rán an ló wí báyìí? Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì rí nǹkan kan lójú rẹ̀ tí wọn kò rí láti ọdún mẹ́fà.

"Ẹ wọlé," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ìrẹsì wà. Ṣùgbọ́n mò ń wò ọ́ o, Aládùúrà. Ojú mi ò kúrò lára rẹ."

Sátidé keje, òjò winniwinni ń rọ̀. Moṣọpẹ́ dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ méjèèjì, kò wo aago. Nígbà tí Gbádé jáde láti ẹ̀yìn ọgbà, ó na fóònù síwájú, ẹ̀rín àti ẹ̀rù jọ wà lójú rẹ̀.

"Ó ti pé méje. Màámi ló ń pè mí láti ọjọ́ yìí wá. A ń gbàdúrà nípa rẹ ni, wọ́n sì ní o kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọ́n fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Orúnkún Moṣọpẹ́ kanlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Ìwọ ni Moṣọpẹ́?" Ohùn àgbàlagbà ni, ohùn Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé. "Ọmọ mi ní fóònù dún lọ́wọ́ rẹ, o ò wò ó. Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

Gbádé sún mọ́ fóònù, òun náà ń gbọ́.

"Kò sí aríran kankan," ni màmá náà wí. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀ fúnra mi. Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé, ìwọ á ti bínú, wàá ti bá tìrẹ lọ. Mo gbọ́ oríṣiríṣi nípa àwọn obìnrin ìlú yín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Àdúrà tí mo gbà, òótọ́ ni mo gbà á, ṣùgbọ́n mo purọ́ mọ́ aríran, mo sì ti lọ jẹ́wọ́ fún wọn ní ìjọ. Má bínú, ọmọ mi."

"Màámi!" Gbádé kígbe. "Ẹ mọ ohun tí ojú wa rí?"

Moṣọpẹ́ ro ẹkún tó sun ní ọ̀nà Romford, ó ro gbogbo òru tí kò sùn. Inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ó ro ara rẹ̀ náà, òun tó kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sínú ìwé.

"Mà," ló wí, "ká ní èmi ni mo bí i, Sátidé mọ́kànlélógún ni ǹ bá dá."

Màmá bú sẹ́rìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé wọ́n ń wúkọ́, nígbà tó yá ó di ẹkún, wọ́n sì ń wí pé, "Ìyàwó mi, ìyàwó mi dáadáa."

Gbádé kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ náà pẹ̀lú. "Moṣọpẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àwọn ìbéèrè tò sí Moṣọpẹ́ lẹ́nu bí ọkọ̀ akẹ́rù ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá lọ.

"Màá fẹ́ ọ," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.